Kùrukùru Kọ́bapẹ́

Herbert tẹ nọ́ńbà tuntun náà tán, ó pa fáìlì dé, ó ṣí eré orí kọ̀ǹpútà náà padà. Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú, kò sì dáhùn mọ́.

Ó ká ọwọ́ kúrò lórí tábìlì bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Christianah, ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó ń di ẹrù ní yàrá kejì, gbọ́ bí àga ṣe dún, ó sì yọjú.

"Ṣé kò sí nǹkan, Dádì?"

"Mo ti bà á jẹ́."

Kò sí ẹni tó gbọ́ irú ohùn kékeré yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, ní gbogbo àdúgbò wọn ní Adigbe.

Adétáyọ̀ ló ni kọ̀ǹpútà náà, ọmọ Herbert kan ṣoṣo, tó máa ń jí lọ síṣẹ́ ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, tí àìsàn ọjọ́ mẹ́ta mú lọ ní oṣù kẹfà. Òbí kì í rí sàréè ọmọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, inú yàrá ni wọ́n fi Herbert sí, fèrèsé ní títì. Títí dòní, kò mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí. Ohun tó kù ni oko inú eré yìí. Ọdún méjì ni Adétáyọ̀ fi ṣe é, ó ní ó jọ oko àwọn ní Kọ́bapẹ́. Nígbàkigbà tó bá pe bàbá rẹ̀ kó wá wò ó, Herbert a ní, "Oko tí kò ní èpò, oko wo nìyẹn?" Ọmọ a rẹ́rìn-ín: "Ẹ wá bá mi gbin èpò náà, Dádì."

Kò lọ rí.

Ní agogo mẹ́rin òní, ọkọ̀ yóò wá kó Christianah àti ẹrù rẹ̀ lọ sí Èkó, kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Herbert fẹ́ rí oko náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun kó tó lọ. Ṣùgbọ́n kùrukùru bò ó. Ohun tó bá kọjá ìṣísẹ̀ díẹ̀ kì í hàn. Christianah ní Adétáyọ̀ ló dín nọ́ńbà ìríran kù nínú fáìlì ètò eré, bóyá nítorí pé kọ̀ǹpútà ti gbó. Ogójì ni. Herbert sọ ọ́ di irinwó lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: òun gan-an ló fi kọ́ ọmọ.

Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe akọ̀wé fún àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Níbẹ̀, wọn kì í pa ìwọ̀n àtijọ́ rẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ síbòmíràn. Ó ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn àpò ìwé kan: 40. Christianah pa kọ̀ǹpútà, ó tàn án padà, ó ṣí fáìlì. Lọ́tẹ̀ yìí, Herbert bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè.

Àmì kékeré kan wà níwájú àwọn ìlà kan. Ó béèrè ohun tó wà fún.

"Kọ̀ǹpútà kì í ka ìyẹn, Dádì. Ẹni tó bá ṣí fáìlì ni Adétáyọ̀ kọ ọ́ fún."

; Lẹ́tà ńlá, nítorí ojú Dádì.
; Ìrìn jẹ́jẹ́. Dádì kì í sáré.
; Kùrukùru Kọ́bapẹ́ ní ìdájí, Dádì níwájú. Má yí i padà.

Christianah yí ojú sí ògiri. Herbert pa irinwó rẹ́. Ó tẹ mẹ́rin, ó tẹ òdo.

Oko ṣí. Ó tẹ ibi tí Christianah fi hàn án, ọkùnrin inú eré sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí orúnkún ń dùn. Ewé àgbàdo yọ láti inú funfun, ó sún mọ́, ó kọjá. Igi ọsàn méjì yọ, bí wọ́n ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà oko Kọ́bapẹ́ gan-an. Ní ìdájí ìgbà àtijọ́, Adétáyọ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà máa ń wà lẹ́yìn Herbert, tó di etí ẹ̀wù rẹ̀ mú, tí kò rí nǹkan mìíràn ju ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ lọ, tí kì í sì í yé bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo ní gbogbo ọ̀nà.

Ọkọ̀ fọn fèrè níta. Christianah jáde lọ sọ fún awakọ̀ pé kó dúró díẹ̀.

Herbert ń wo funfun tó wà níwájú. Kò rí ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣì ń tẹ̀ lé e.

"Ṣé a ti dé?" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ní ohùn kékeré bí ti ọmọ ọdún mẹ́fà.