Ilé Tí A Kì Í Júwe

Láti ìgbà tí ìjì ti jà lójú òkun Taiwan, kò sẹ́ni tó gbúròó ọkọ̀ apẹja tí Bilal bá lọ. Àlàájà Sàrátù, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, jókòó nínú yàrá kan lókè àdúgbò Nàkásà ní Mẹ́kà. Ó ti gbààwẹ̀, ó ti ṣe sàárà, ó ti bẹ Ọlọ́run títí ohùn fi há.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Amal pè é lórí fóònù, àwòrán sì ń hàn. Àbúrò Bilal ni, ó ti Nàìjíríà lọ kàwé ní Taiwan lẹ́yìn tí ìjọba ibẹ̀ dá òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà láti Mẹ́kà.

"Ìyá Àgbà, ẹ má bínú. Ìyá onílé mi ló mú mi wá sílé òrìṣà olókun wọn."

"Òrìṣà kẹ̀? Àsìtágfírúlláì! Èmi tí mo wà ní Mẹ́kà?"

Ṣùgbọ́n kò pa fóònù.

Ó rí èéfín tùràrí, ó rí ọsàn lórí tábìlì, ó rí òrìṣà obìnrin dúdú kan tí ìlẹ̀kẹ̀ adé rẹ̀ bò lójú bí adé ọba ilé wa. Ìyá onílé kó igi pupa méjì tó rí bí ààbọ̀ oṣù lé Amal lọ́wọ́, pé kó dà wọ́n sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá dojú délẹ̀, tí èkejì ṣíjú sókè, òrìṣà gbà nìyẹn. Àlàájà mọ irú ẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ da obì n'Ìwó.

"Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ orúkọ wa àti ibi tí ilé wa wà, kí òrìṣà lè mọ ọmọ tí à ń wá."

Amal sọ ọ́. Àlàájà gbọ́ ọ ketekete: "Ṣaráfíyà, ní Jẹ́dà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo."

Irọ́ ni. Àlàájà fúnra rẹ̀ ló fi kọ́ wọn láti kékeré, nítorí ìwé ìgbélùú tí wọn ò ní. Ọlọ́pàá bi ọ́, Ṣaráfíyà. Ọ̀rẹ́ bi ọ́, Ṣaráfíyà.

Igi balẹ̀. Méjèèjì ṣíjú sókè.

"Wọ́n ní òrìṣà ń fi mí rẹ́rìn-ín ni." Amal bú sẹ́kún.

"Kí ni kò ní fi ọ́ rẹ́rìn-ín sí? Ta ni yóò mú ọmọ wa wá sílé tí kò sí?" Ohùn Àlàájà tí kì í kọjá ẹnu ọ̀nà là lójijì. "Nàkásà! Sọ fún un! Lókè àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé tó kọjú sí ilé búrẹ́dì Majid!"

Aládùúgbò kan yọjú lójú fèrèsé. Àlàájà ò wò ó.

Amal sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Igi tún balẹ̀. Ọ̀kan dojú délẹ̀, ọ̀kan ṣíjú.

"Ó gbà! Ìyá Àgbà, ẹ dúró, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbọ́dọ̀ gbà kó tó..."

Àlàájà ò dúró gbọ́. Igi ni igi, Ọlọ́run ló ni òkun. Ṣùgbọ́n ó ti júwe ilé. Ó dìde, ó fa ìdábùú ilẹ̀kùn, ó ṣí i gbayawu, ó jókòó kọjú sí àtẹ̀gùn. Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá ló ṣáájú Bilal gùn ún wá, wọn a jọ jókòó dè é ni.