Ihò Ọrùn Ẹ̀gbọ́n

Ọdún mẹ́sàn-án ni ọkùnrin kan tó ń tún aago ọwọ́ ṣe fi yan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lódì. Ọjọ́ ìsìnkú ìyàwó àbúrò yìí ló ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹbí pé, ẹ̀gbọ́n nìkan ni wọn ò rí. Kò wá, kò ránṣẹ́, kò sì sọ ìdí. Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá mẹ́nu bà á, àbúrò á kàn dojú kọ aago tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́.

Àfi bí ilé ìwòsàn ṣe pè é lójijì. Wọ́n ní àìsàn ti dí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀gbọ́n, àwọn ti lu ihò sí i lọ́rùn kó lè máa rí èémí mí, orúkọ àbúrò nìkan ni ẹ̀gbọ́n sì kọ sílẹ̀ pé kí wọ́n pè. Ó wọ bàtà, ó lọ. Kò sunkún, inú ò sì bí i. Gbogbo ara rẹ̀ kàn kú tipiri, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́.

Ó bá ẹ̀gbọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì, túùbù kékeré kan yọ lọ́rùn rẹ̀, okùn aláṣọ so ó mọ́ ọn. Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n kó tó fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ sì le débi pé Gbohùngbohùn làwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é. Ní báyìí, afẹ́fẹ́ lásán ló ń dún fíì, fíì, lọ́rùn rẹ̀. Ó wo àbúrò, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nọ́ọ̀sì kan, obìnrin kúkúrú tó máa ń ṣẹ̀fẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ló kọ́ àbúrò bí wọ́n ṣe ń tọ́jú túùbù náà.

"Ẹ fọwọ́ ná, sà. Kì í ṣe ìfọwọ́ ẹni tí ebi ń pa o. Ẹ fọ ọ́ dé abẹ́ èékánná."

Ó fọ ọ́.

"Túùbù méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan wà nínú èkejì. Ti inú nìkan lẹ ó máa yọ. Ti òde, ẹ má dán an wò."

Nọ́ọ̀sì fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ àti omi iyọ̀ fọ èyí tó yọ, ó sì ní kí àbúrò dá a padà. Ọwọ́ tí irin aago tín-ín-tìn-ìn-tín ti mọ́ lára ò gbọ̀n. Túùbù dún kó, ó ti wọlé.

"Háà! Bàbá, iṣẹ́ mi lẹ fẹ́ gbà yìí!" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Àbúrò ò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló kan ẹ̀rọ tó ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá ń ti rọ́bà rẹ̀ wọlé, ẹ má jẹ́ kó fà. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń yọ ọ́ bọ̀ ni kó máa fà. Kí ẹ̀yin náà séèémí. Tó bá ti ń ni yín lára, ẹ̀gbọ́n yín náà ti ń jìyà nìyẹn, ẹ yọ ọ́."

Nígbà tí wọ́n dá ẹ̀gbọ́n sílẹ̀, ilé àbúrò ló gbà. Àbúrò ń fọ túùbù, ó ń pààrọ̀ okùn pẹ̀lú aládùúgbò kan tó ń bá a di túùbù mú, kò sì fọhùn. Ẹ̀gbọ́n á kọ "O ṣé" sórí ìwé. Àbúrò á kà á, á fi ìwé náà sílẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, ó gbọ́ tí fíì, fíì yẹn dákẹ́. Ó yíjú. Ẹ̀gbọ́n ti ranjú kalẹ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú, ó ń fọwọ́ ha ọrùn.

"Bọ̀dá mi, ẹ gbé ọwọ́ yín sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Ó yọ túùbù inú. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti gbẹ sínú rẹ̀ bí gọ́ọ̀mù àtijọ́, ó dí i pa. Èémí já wọlé gbùù. Ó fa ìyókù jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ, ó fi túùbù inú mìíràn tó mọ́ sí i, ó wá pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù.

"Ooru ló mú un gbẹ," nọ́ọ̀sì sọ. "Ẹ máa fi aṣọ fẹ́lẹ́ tó ní ọ̀rinrin bo ẹnu túùbù náà. Ẹ mú ẹ̀gbọ́n yín wá lọ́la. Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ti gba ẹ̀mí là."

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́, ó fi ìka dí ẹnu túùbù bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ, kí ohùn lè gba ẹnu jáde. Ohùn náà ha.

"Mo wá lọ́jọ́ náà."

Àbúrò gbé fóònù sílẹ̀.

"Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo rí ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi wọlé. Mo padà, ojú wá ń tì mí." Ikọ́ gbé e.

Àbúrò ń retí kí nǹkan kan dìde nínú òun, ìbínú ni o, ẹkún ni o. Nǹkan kan ò dìde.

"Ẹ yọ ìka yín, Bọ̀dá mi, ẹ mí," ó ní. Ó gbé túùbù tó dí lọ sídìí omi.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀gbọ́n ti là, wọ́n yọ túùbù náà, wọ́n fi pílásítà bo ihò rẹ̀, ó sì pa dé fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n padà sílé ara rẹ̀. Ọjọ́ Sunday ni àbúrò máa ń lọ wò ó. Wọ́n á jókòó, wọn ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Nọ́ọ̀sì pàdé àbúrò níta ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan. "Bàbá, inú yín á máa dùn báyìí!"



"Mi ò tíì mọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n mò ń lọ wò wọ́n."