Ẹ̀rọ Tí A Fún Maureen

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta ẹ̀rọ tẹlifóònù fún àwọn ilé iṣẹ́ ní Grimsby, ìlú kan létíkun England, mi ò sì tíì rí ẹni tó mọ fóònù lò bíi Maureen Sowerby. Kì í ṣe pé ó mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Ohùn èèyàn ló mọ̀. Bí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ bá ní ara òun le, Maureen á ti mọ̀ bóyá ara onítọ̀hún le lóòótọ́, tàbí ó ṣubú lánàá tí kò fẹ́ sọ, tàbí kò tíì jẹun láti ọjọ́ méjì.

Òun ló dá ẹgbẹ́ aláàánú tí wọ́n ń pè ní Ìpè Àárọ̀ sílẹ̀. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló kú sínú ilé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, bẹ́ẹ̀ aládùúgbò wà lọ́tùn-ún, wà lósì. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Maureen gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù atúnbàtàṣe, ó ra fóònù mẹ́rin, ó sì kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ. Lójoojúmọ́, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́wàá, wọ́n á máa pe àwọn arúgbó tó ń dá gbé, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bi wọ́n bí wọ́n ṣe sùn. Ẹni tí kò bá gbé fóònù lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan á wọ ẹ̀wù òtútù, á lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n ń pè.

Àwa oníṣòwò ìlú náà ní ẹgbẹ́ tiwa. Àárọ̀ Ọjọ́rú là ń pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan lójú ọ̀nà Cleethorpes. A ó jẹ búrẹ́dì tó ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín nínú, a ó fún ara wa ní káàdì iṣẹ́ wa, a ó sì pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó bá wá oníbàárà fún ẹlòmíì. Ní oṣù kejì ọdún yẹn, Philippa Kerr dá a lábàá pé ká fi àárọ̀ kan ran àwọn aláàánú lọ́wọ́. Iṣẹ́ Philippa ni láti máa kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bí wọ́n ṣe ń ronú pa pọ̀. Ó ní èrò tuntun ló wọ́n lọ́dọ̀ àwọn aláàánú, àwa sì rèé, orí méjìdínlógún tó kún fún èrò. Ó wú wa lórí. Nínú orúkọ àwọn aláàánú ìlú, ti Maureen la fà yọ.

Ó dé pẹ̀lú aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni nígbà yẹn. A fún un ní kọfí, kò mu ún. Nígbà tí wọ́n ní kó sọ̀rọ̀, ó dìde dúró bí ọmọ ilé ìwé.

"Èèyàn mẹ́rin ni mo nílò," ó ní. "Mẹ́rìnlá la jẹ́ tẹ́lẹ̀ tí à ń pe àwọn arúgbó. Mẹ́ta ti kú. Méjì ti wà lára àwọn tí à ń pè báyìí. Tí mo bá rí ẹni mẹ́rin tó lè fún mi ní wákàtí méjì láàárọ̀, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, màá ṣe é."

Philippa rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣé, Maureen. Ẹ má tíì sọ ojútùú fún wa. Ìṣòro yín la fẹ́ gbọ́."

"Ìṣòro náà ni mo sọ yẹn. Èèyàn mẹ́rin."

"Ojútùú ni èèyàn mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Kí ló dé gan-an tẹ́ ẹ fi nílò èèyàn?"

Maureen wò ó. "Torí pé èèyàn là ń pè."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. A ti fẹ́ràn rẹ̀. Philippa pín ìwé pélébé aláwọ̀ ìyeyè fún wa, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì ka òfin. Ohunkóhun tó bá wá sọ́kàn ni ká kọ. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa ní èrò kan kò dáa.

Kíá lèrò bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Desmond Pugh, agbẹjọ́rò, ní kí wọ́n pa orúkọ dà, pé Ìpè Àárọ̀ ń dún bí àwọn tó fẹ́ wá kó ẹrù ẹni nítorí gbèsè. Ẹnì kan ní kí wọ́n máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Skegness lọ́dọọdún láti fi kówó jọ. Lorraine tó ń bá wa ta ilé ní kí àwọn arúgbó máa pe ara wọn. Desmond tún ní kí wọ́n fún arúgbó kọ̀ọ̀kan ní ayékòótọ́ tó lè máa béèrè àlàáfíà wọn. Ẹ̀rín pa wá, Philippa sì lẹ ayékòótọ́ náà mọ́ ògiri nítorí òfin. Ìwé mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ló wà lára ògiri náà nígbà tó yá. Kò sí èyí tó ní "Èmi yóò wá" nínú wọn.

Èmi ni mo kọ èyí tó borí. Mo dìde, mo ṣàlàyé pé ẹ̀rọ kan wà tó lè pe èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Tí ara arúgbó bá le, á tẹ oókan. Tó bá nílò ẹnì kan, á tẹ eéjì. Ẹni tí kò bá gbé e, orúkọ rẹ̀ á yọ lójú kọ̀ǹpútà, a ó sì lọ kan ilẹ̀kùn. Mo ní màá fún wọn ní ẹ̀rọ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ṣì rántí bó ṣe dùn mọ́ mi.

"Ta ló máa bá wọn sọ̀rọ̀?" Maureen béèrè.

"Ẹ̀yin náà ni," mo ní. "A ó gba ohùn yín sínú rẹ̀."

"Mo mọ̀ pé wọ́n á gbọ́ ohùn mi, Graham. Ta ló máa gbọ́ tiwọn?"

Philippa gbọ́wọ́ lé e léjìká. "Maureen, ẹ rántí òfin wa. A kì í sọ pé rárá."

Maureen jókòó. Nígbà tí a tú ká, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olúkúlùkù lẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn tó tọ́ òun dàgbà kò kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kọ ohun tí èèyàn fún ni, pàápàá níṣojú èèyàn méjìdínlógún tó wọ kóòtù. Ó tún ti rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀. Ọjọ́ tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kò rọrùn rárá. Tó bá ti ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Maureen nìyí," á dákẹ́, á máa dúró de ìdáhùn. Mo ní kó máa sọ ọ́ lọ tààrà. Ó gbìyànjú, àmọ́ ńṣe ló ń dákẹ́ ṣáá. Nígbà tí mo délé, mo gé gbogbo ibi tó ti dákẹ́ kúrò, mo so ọ̀rọ̀ náà pọ̀ kó lè yá.

Ìwé ìròyìn ìlú ya fọ́tò wa, Philippa ní àárín, Maureen lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò pé oṣù mélòó kan tí àwọn tó ń bá Maureen ṣiṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ. Mi ò bá wọn wí. Kí lèèyàn ń jí wá ṣe tí ẹ̀rọ ti parí iṣẹ́ kí omi tíì tó hó? Ọ̀kan kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Spain. Òmíì lọ ń tọ́jú ọgbà. Nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án, Maureen àti obìnrin kan péré ló kù, wọ́n á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa wo orúkọ tó ń di àwọ̀ ewé: ara le, ara le, ara le.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fi ẹjọ́ sùn. Wilf Appleyard ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, tó ti fi ogójì ọdún pẹja lọ dé Iceland. Ó máa ń pe Maureen ní ọmọge.

"Ọmọge, obìnrin kan wà nínú fóònù mi tó ń fi ohùn ẹ sọ̀rọ̀," ó ní. "Mo ń sọ fún un pé orúnkún ń ro mí, ó ní kí n tẹ oókan. Ṣé orí ẹ̀ pé?"

"Ẹ̀rọ ni, Wilf. Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́."

"Mò ń tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Obìnrin yẹn kì í rẹ́rìn-ín."

Maureen rò ó fún mi bí àwàdà, mo sì bá a rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kẹwàá, láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan kí aago mẹ́jọ tó lù, ẹni tó ń pín ìwé ìròyìn rí i pé ti ọjọ́ méjì ṣì há sí ẹnu ilẹ̀kùn Wilf. Ó pe ọlọ́pàá. Wọ́n bá Wilf nílẹ̀ ilé ìdáná, ó ti kú. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Nọ́ńbà Maureen ló wà lára ògiri, òun ni wọ́n pè, òun náà sì pè mí. Ohun tó sọ kò ju "Wá ṣí ẹ̀rọ yìí fún mi" lọ.

Mo ṣí i. Lọ́jọ́ Àìkú, Wilf Appleyard, ara le. Lọ́jọ́ Ajé, Wilf Appleyard, ara le. Maureen ní kí n wò ó dáadáa. Mo wá ibi tí ẹ̀rọ máa ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sí. Lọ́jọ́ Ajé, Wilf tẹ oókan ní ìgbà mọ́kànlá léraléra kí ìpè náà tó já. Ẹ̀rọ náà mú ti àkọ́kọ́, ó yí orúkọ rẹ̀ sí àwọ̀ ewé.

Maureen fi ìka tọ́ orúkọ Wilf lójú kọ̀ǹpútà.

"Ṣé ó máa ń gba ohùn wọn sílẹ̀?" Maureen béèrè.

"Rárá," mo ní.

Irọ́ ni mo pa. Ó máa ń gbà á. Nígbà tó lọ tán, mo gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mi ò sọ fún ìyàwó mi pàápàá.

Àmọ́ ikú bẹ́ẹ̀ kì í lọ láìsí ìwádìí. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n pe èmi àti Maureen sí iwájú ẹni tó ń wádìí ikú, wọ́n sì ní kí n kó gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ wá. Maureen jókòó sórí àga iwájú nígbà tí wọ́n fi ohùn náà síta.

Ohùn Wilf ti wúwo, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, àmọ́ ó yé èèyàn. "Ọmọge," ó ní, "mo wà nílẹ̀." Ohùn Maureen bọ́ lé tirẹ̀ lórí, ó yá, ó dùn létí: "Bí ara yín bá le, ẹ tẹ oókan." Wilf ní, "Mo wà nílẹ̀ níbí, ọmọge." Lẹ́yìn náà la wá ń gbọ́ tín, tín, tín. "Ẹ ṣé o," ni Maureen inú ẹ̀rọ wí. "Ó dàárọ̀ ọ̀la."

Dókítà sọ pé rọpárọsẹ̀ ló dá a wó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó gbàgbé pé eéjì ló yẹ kóun tẹ̀ ni, tàbí ìka rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Dókítà ní ká ní wọ́n ti rí i lọ́jọ́ Àìkú ni, ó ṣeé ṣe kó yè é. Ẹni tó ń wádìí ní ẹ̀bi kò sí lórí ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Mo bá Maureen níta, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Òjò ń fọ́n. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí. Màá máa wá láàárọ̀. Ojoojúmọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́. A ó padà sí pípè bíi ti tẹ́lẹ̀, màá wà lára àwọn mẹ́rin."

Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ nínú àpò.

"Oṣù kejì ni mo ti béèrè lọ́wọ́ yín, Graham," ó ní.

Ó gbìyànjú ṣá. Ó pe gbogbo àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí. Ẹni tó wà ní Spain kò ní padà. Àwọn yòókù ní ìròyìn Wilf ti bà wọ́n lẹ́rù, àwọn kò fẹ́ kí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni tún wà lọ́rùn àwọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni òun àti ẹnì kejì rẹ̀ fi pe èèyàn méjìlélọ́gọ́ta láàárọ̀, títí ohùn Maureen fi há pátápátá, tí dókítà ní kó sinmi. Kí Kérésì tó dé, ó kọ lẹ́tà sí gbogbo wọn pé Ìpè Àárọ̀ ti parí. Ọwọ́ ló fi kọ ọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Whitby.

Ẹgbẹ́ wa kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Philippa ní àwọn tó ń ṣe nǹkan tuntun gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀, ó sì ní kí a fa orúkọ ẹgbẹ́ aláàánú míì yọ fún ọdún tó ń bọ̀. Mo fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí ìdí.

Nínú oṣù kìíní ni mo lọ tú ẹ̀rọ náà kúrò. Wọ́n ti kó àga àti tábìlì lọ, yàrá náà tutù. Mo ti tú ìdajì wáyà nígbà tí fóònù dún. Mo gbé e.

"Ṣé Maureen nìyẹn?" obìnrin kan béèrè. Ohùn rẹ̀ tinrín.

"Rárá o, màmá. Maureen ti kó lọ."

"Ìwọ wá ni ta?"

"Ẹni tó wá tú ẹ̀rọ ni mí."

Mo ń gbọ́ rédíò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń sọ nípa ojú ọjọ́. Ó yẹ kí n bi í bí ó ṣe sùn. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Àmọ́ mo ronú pé tí mo bá bi í lónìí, á máa retí mi lọ́la.

"Tóò," ó ní. "Bá mi sọ fún un pé Enid ní òun sùn dáadáa."

Mo ní màá sọ fún un. Ó gbé fóònù sílẹ̀, mo sì fa wáyà tó kù yọ. Lọ́jọ́ yẹn mo pe Whitby lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún pè é lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Maureen kì í gbé fóònù mi mọ́.