Gọ́tà Tí Kò Sí Nínú Ìṣirò

Láti ọjọ́ tí èsì àyẹ̀wò omi kànga kẹsàn-án ti dé, ara Lorna Pruett kò lélẹ̀ mọ́.

Òun ló fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí oró inú pàǹtí àdó olóró tí ìjọba rì mọ́lẹ̀ yóò ṣe máa bá omi abẹ́ ilẹ̀ rìn. Ó ní ó di ọgọ́rin ọdún kó tó dé odò. Àwọn àgbà ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ buwọ́ lù ú. Àfi bí oró ṣe yọjú nínú kànga kẹsàn-án yìí, tó yẹ kó ṣì mọ́ fún ogójì ọdún.

Kessler, ọ̀gá rẹ̀, ní ìgò tí wọ́n fi bu omi náà ni kò mọ́. Wọ́n tún omi fà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan náà ni. Lorna pààrọ̀ iye òjò inú ìṣirò, ó pààrọ̀ irú iyanrìn, ìṣirò kọ̀ kò bá kànga mu. Bó bá ń jẹun lọ́wọ́, á dìde. Bó bá wọkọ̀, á gbàgbé ibi tó ń lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Delbert, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún tó ti wa katapílà nínú ọgbà tí ìjọba rì pàǹtí náà sí nígbà èwe rẹ̀. Bàbá ń bó ọ̀dùnkún. Lorna kò jókòó. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ níwájú fèrèsé, ó ń ròyìn kànga fún un.

Bàbá ní kó júwe ibi tó wà gan-an. Nígbà tó júwe rẹ̀, bàbá gbé ọ̀bẹ kalẹ̀.

"Orí gọ́tà àwọn àgbẹ̀ nìyẹn."

"Gọ́tà wo, Dádì?"

"Èyí tí wọ́n fi ń fa omi odò wá sóko ápù kí ìjọba tó lé wọn. Àwa la dí i. Òkúta wẹ́wẹ́ la kó sí i, a wá da yẹ̀pẹ̀ lé e."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Wọ́n mú wa búra ká panu mọ́. Nígbà tí wọ́n fi tú wa sílẹ̀ nínú ìbúra náà, mo rò pé ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ti mọ̀. Ta ló bi mí?"

Ogún ọdún ni Lorna ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, tó ń wá jẹ ọ̀dùnkún nílé yìí. Kò bi í léèrè rí.

Ó fi gọ́tà náà, tí omi ń sáré gba àárín òkúta rẹ̀ kọjá, sínú ìṣirò. Ọgọ́rin ọdún di mọ́kànlá.

Kessler bẹ̀ ẹ́ pé kó fi pamọ́ títí ìpàdé ìlú yóò fi kọjá, kí àyà aráàlú má baà já.

"Ọ̀gá, èmi ni mo sọ ọgọ́rin fún wọn," ló wí. "Èmi náà ni màá sọ mọ́kànlá."

Ó sọ ọ́ níbi ìpàdé ìlú. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí Delbert nawọ́ sí, wọ́n sì bá òkúta wẹ́wẹ́. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, ẹ̀rọ ti ń fa omi olóró náà jáde.

Kessler fúnra rẹ̀ wá kí i kú iṣẹ́. Lorna kò dúró gbọ́ ọ tán. Ó ti gba orúkọ àwọn awakatapílà ìgbà bàbá rẹ̀ tó ṣẹ́ kù láyé, kó lè bi wọ́n léèrè: méje péré. Èyí àkọ́kọ́ wà nílé ìtọ́jú arúgbó, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì ti sọ lórí fóònù pé ojoojúmọ́ ni iyè rẹ̀ ń rá sí i. Lorna mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó jáde.