Ohùn Tó Ń Kéde Ọjọ́ Ìsinmi

"Ó tún ń béèrè òmíràn, mà," ni Hadassah wí, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn iwájú orí rẹ̀.

Àpínkẹ́ dúró lẹ́yìn ọmọbìnrin náà, ṣíbí ìdáná lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà lórí tábìlì oúnjẹ, ìlà funfun kan ṣoṣo ló hàn: ètò tó ń kéde oòrùn kò lè ṣiṣẹ́, nǹkan kan tó gbára lé kò sí. Ohun tó ti ń sọ nìyẹn láti ọ̀sán tí Hadassah ti dé láti yunifásítì. Hadassah á wá nǹkan náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á fi í sípò, inú wọn á dùn díẹ̀. Kọ̀ǹpútà á tún ní òmíràn lòun ń wá.

"Àfi bí àwọn àna lọ́jọ́ ìdána," ni Akínṣọlá, ọkọ Àpínkẹ́, wí láti orí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ gbé iṣu wá, wọ́n á ní oyin dà."

Hadassah rẹ́rìn-ín. Àpínkẹ́ ń wo ojú fèrèsé, níbi tí oòrùn Ìkẹ́nnẹ́ ti ń sọ̀kalẹ̀ sẹ́yìn àwọn igi obì.

Bí oòrùn ọjọ́ Ẹtì yìí bá wọ̀, Ọjọ́ Ìsinmi dé nìyẹn. Iná ìdáná á kú, iṣẹ́ á dúró, Hadassah pàápàá á pa kọ̀ǹpútà dé, nítorí ìjọ kan náà, ìjọ tó ń sinmi ní Sátidé, ni wọ́n jọ ń lọ. Asher, ọmọ kan ṣoṣo tí Àpínkẹ́ bí, ló fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sínú kọ̀ǹpútà ìyá rẹ̀ nígbà tí òun àti Hadassah jọ wà ní kíláàsì, òun náà ló kọ ètò yìí sí i. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ètò náà á ṣírò ìgbà tí oòrùn máa wọ̀, á sì fi ohùn Asher pariwo: "Mọ́mì, oòrùn ti ń wọ̀ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìkòkò yẹn kalẹ̀. Áńgẹ́lì ti ń kọ orúkọ yín!"

Asher kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní oríta ńlá Ṣàgámù. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jóná mọ́ inú ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ọjọ́ Ẹtì kan tí ohùn rẹ̀ kò dún nínú ilé yìí.

Òní ni ètò náà kọ́kọ́ bàjẹ́. Ọjọ́ ìpalẹ̀mọ́ ni, Àpínkẹ́ sì ti gbálẹ̀, ó ti fọ kọ́tìnnì, ó ti da èlùbọ́ tó ti bu nù. Nígbà tó ń nu tábìlì, kọ̀ǹpútà sọ fún un pé inú òun ti kún, pé àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tó nílò wọn mọ́, ṣé kí òun kó wọn dànù? Ó kà á dáadáa, bí Asher ṣe kọ́ ọ. Ta ló ń fi pàǹtí pàdé Ọjọ́ Ìsinmi? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ohun tí ètò Asher gbára lé sì bá a lọ.

"Mọ́mì." Ohùn Hadassah ti lọ sílẹ̀. "Mo ti rí gbogbo ìyókù. Ẹyọ kan ló kù."

"Wá a, ọmọ mi. Dátà ṣì wà."

"Kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mà. Asher ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan ló wà, àti inú èyí."

"Ohun tí wọ́n bá dà sórí ààtàn, èèyàn lè lọ ṣà á."

"Mo ti gbìyànjú." Omi lé sójú Hadassah. "Àwọn tí mo ń kó wọlé láti ọ̀sán ti gba ààyè rẹ̀, wọ́n ti pa á rẹ́. Mi ò mọ̀, mà. Mi ò mọ̀."

Akínṣọlá fi àga rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró ti tábìlì.

"Ohùn rẹ̀ ńkọ́?" ni Àpínkẹ́ béèrè. "Ṣé mo da ìyẹn náà nù ni?"

"Ó wà níbẹ̀. Asher gé e wẹ́wẹ́, ó tò ó lọ́nà tó yé òun nìkan. Ohun tó ń so ó pọ̀ ni kò sí mọ́."

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

"Mọ́mì, ẹ má ṣe..."

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Hadassah tẹ̀ ẹ́. Ariwo kan jáde, bí ìgbà tí wọ́n ń da gààrí sórí páànù. Kò sí èèyàn kankan nínú rẹ̀. Àpínkẹ́ dẹtí sí i títí ó fi parí.

"Tún un tẹ̀."

Ó tún un tẹ̀.

"Mo lè kọ òmíràn, mà," ni Hadassah wí nígbà tó yá. "Á máa kéde oòrùn. Mo lè fi ohùn tèmi sí i."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ohùn tìẹ náà dára."

Hadassah pa kọ̀ǹpútà dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nínú ilé ìdáná, ìkọ́kọrẹ́ ń hó lórí iná. Ojú fèrèsé pọ́n, lẹ́yìn náà ó di eérú. Akínṣọlá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé orin. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ìkòkò. Ó padà sí pálọ̀.

Àpínkẹ́ ṣì ń yí ṣíbí. Oúnjẹ náà ti jinná tipẹ́, òórùn jíjó ti ń jáde láti ìdí ìkòkò. Gbogbo ìjọ ló gbà pé kì í tètè kúrò nídìí iná lọ́jọ́ Ẹtì, òun náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí tí òkùnkùn bo ilé ìdáná ló yé e pé, látìgbà tí Asher ti lọ, oúnjẹ kò pẹ́ jinná rí. Òun ló máa ń fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, kí ohùn Asher lè pe òun.

Ó dẹtí sílẹ̀. Iná ń jó.