Ọ̀nà Ilé Ọmọ

Ògán kan wà lábẹ́ ọ̀pẹ, ìlú àwọn ìkán ni. Òfin tó mú ìlú náà dúró kò ju ẹyọ kan lọ: kò gbọdọ̀ sí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò ní tọ̀ láràárọ̀, nítorí ọ̀nà inú ilẹ̀ tí a bá pa tì, amọ̀ a máa dí i. Akínrìndé ni olórí àwọn tó ń tọ́jú ọ̀nà. Ó mọ ọ̀nà àká, ó mọ ọ̀nà ibodè, ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé ọmọ ló fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni Morónfolú ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń tọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Ọdún kan, ẹlẹ́mu dá ọ̀pẹ náà, ẹmu sì ń kán sórí ògán. Ọba tọ́ ọ wò, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí wọ́n máa fún ìránṣẹ́ tó bá jíṣẹ́ dáadáa ní ẹ̀kán kan. Ta ni yóò sọ pé ìyẹn burú? Nígbà tó yá, ìránṣẹ́ kò lọ síbòmíràn mọ́. Ọ̀nà ẹmu fẹ̀, ó ń dán. Ọ̀nà àká dí, ọ̀nà ibodè dí. Akínrìndé náà ń mu. N kò ní torí pé ó jẹ́ àgbà kí n purọ́ bò ó.

Ìgbà tí òjò ṣú, Morónfolú ránṣẹ́ pé ilé ọmọ ti ń rin. Akínrìndé dìde níwájú ìgbìmọ̀.

“Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan ò wọjà, àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù nílùú yìí. Ẹ jẹ́ ká dí ojú tí ẹmu ń gbà wọlé, ká lọ la ọ̀nà ilé ọmọ.”

Ọba mi orí. “Òótọ́ lo sọ. Lọ́la la ó dí i.”

Balógun ní, “Kábíyèsí ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ti òní dágbére fún un.”

Wọ́n dágbére. Akínrìndé gba tirẹ̀. Ìgbà méje ni wọ́n dágbére bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, Akínrìndé sáré lọ. Ní oríta, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sí ọ̀nà ẹmu kó tó mọ̀. Nígbà tó padà, amọ̀ ti dí ọ̀nà ilé ọmọ pátápátá. Ó fi ẹnu gbẹ́ ẹ.

“Bàbá mi, ẹ̀yin nìyẹn?” Ohùn Morónfolú ń bọ̀ láti òdì kejì.

“Èmi ni, ọmọ mi.”

“Omi ti mù wá dé ọrùn. Mo gbé àwọn ọmọ lérí.”

Nígbà tó fi gbẹ́ ẹ já, ọmọ mẹ́rin ló bá láàyè lórí Morónfolú. Òun fúnra rẹ̀ ti kú.

Ọjọ́ náà ni ọba tó dí ojú ẹmu. Ọdún kẹta rèé. Ọ̀nà ilé ọmọ ti là, ó kàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ọ̀nà ẹmu ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń tọ̀ ọ́ mọ́, síbẹ̀ amọ̀ kò tíì dí i. Ó ṣì ń dán.

Láràárọ̀ ni Akínrìndé ń dúró ní oríta náà. Ọba bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

“Akínrìndé, kí lò ń dúró dè?”

“Ẹsẹ̀ mi ni, Kábíyèsí. Ọ̀nà ẹmu ló ṣì ń fẹ́ yà sí.”

Ọba dúró tì í.