Ohun Tí Àwọn Àna Fi Sílẹ̀

Bí obìnrin bá kú láìbímọ, ọkọ rẹ̀ kì í jogún rẹ̀. Bí Yorùbá ṣe ń ṣe é nílé náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò ní Kánò. Nígbà tí Ọmọ́ṣọlá kú, tí wọ́n sì sin ín sí Kánò, àwọn ẹbí rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Ọ̀fà. Wọ́n pín aṣọ, wọ́n pín ẹ̀gbà ọrùn, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ. Adéyanjú ọkọ rẹ̀ bá wọn di ẹrù. Èyí tó ti bàjẹ́ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀: garawa tó ń jò, sítóòfù tó ti dípẹtà, àwo tánganran tó ti bó lára. Fúnlọ́lá, àbúrò olóògbé, ní kó bá wọn da ìyẹn sí ààtàn.

Kò dà á. Ọdún kan gbáko ló fi ń rìn yí wọn ká nínú yàrá rẹ̀ lójú Niger Street. Iṣẹ́ garawa àti àtùpà títúnṣe ló fi ń jẹun, síbẹ̀ kò tún garawa tirẹ̀ ṣe. Kò rẹ́ni bá sọ Yorùbá mọ́ nílé, àfi bó bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Hausa làwọn ọmọ ilé fi ń kí i. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ohùn ara rẹ̀ ló ń já a láyà. Ìdáwà yìí kò dára, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Lọ́dún òmìnira, ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá fẹ́ ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ní ohun tí ilé ti jù nù nìkan ni kí oníkálùkù fi dárà. Adéyanjú gé garawa, ó fi ṣe orí, àyà àti ẹ̀yìn ère obìnrin. Ó fi ẹsẹ̀ sítóòfù ṣe ẹsẹ̀, ó gé àwo tánganran ṣe ìró. Ó gbé orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bí Ọmọ́ṣọlá ti máa ń gbé e bí oníbàárà bá ń parọ́ fún un. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí ẹnì kan wò ó, kó sì sọ pé Ọmọ́ṣọlá nìyí. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló rántí rẹ̀, a jẹ́ pé obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tí kò wá sáyé rí.

Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Adédèjì, alága ẹgbẹ́, ní, "Bàbá, this is wonderful. Garawa lẹ sọ dèèyàn." Ọmọ kan yìn ín pé, "Baba, aiki ya yi kyau." Obìnrin tó ti bá Ọmọ́ṣọlá pàtẹ aṣọ ní ọjà Kantin Kwari fún ọ̀pọ̀ ọdún béèrè bóyá Rúùtù inú Bíbélì ni. Adéyanjú ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá ibì kan jókòó sí.

Fúnlọ́lá ló wọlé gbẹ̀yìn. Ó wá fún àdúrà ìrántí ọdún kan, báàgì ìrìn àjò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì dé ìdí ère náà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí jẹ́jẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ojú páànù náà, ó bú sẹ́kún. Adéyanjú náà sunkún, inú rẹ̀ sì dùn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan.

Fúnlọ́lá nu ojú, ó kọjú sí Adéyanjú. "Ẹ̀gbọ́n, màá gbé e lọ sílé."

"Àna mi, ohun tẹ́ ẹ ní kí n dà nù ni."

"Nígbà tó jẹ́ pàǹtí, tiyín ni. Ó ti di ẹ̀gbọ́n mi báyìí, tiwa ni. Màámi ò rí ojú rẹ̀ kó tó wọlẹ̀."

Bó bá ní páànù lásán ni, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé kì í ṣe Ọmọ́ṣọlá.

Ní ibùdókọ̀ ojú irin, alábàárù sọ ère náà kalẹ̀, ó béèrè ẹni tó ni ẹrù. Adéyanjú lanu láti sọ pé ìyàwó òun ni. Ó wo Fúnlọ́lá.

"Tàwọn àna mi ni," ó wí, ó sì bá wọn gbé e wọ inú ọkọ̀.